Omi Apá Kì í Ṣàn Wálẹ̀

Ìyá mi ló kọ́kọ́ rí i pé apá ọ̀tún mi ti tóbi. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ọjọ́ Ìsinmi ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ní Ìyìn-Èkìtì, gèlè ṣì wà lórí wọn. Èmi jókòó lórí ibùsùn nínú yàrá tí mo háyà ní ìlú kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀wù tí kò lápá ni mo wọ̀, nítorí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná níbẹ̀ kò mọ ìwọ̀n: bí kò bá kú pátápátá, a máa jó ènìyàn. Orí fídíò la ti ń sọ̀rọ̀; mo na ọwọ́ kí n lè gbé fóònù dúró dáadáa. Ìyá mi pariwo.

"Ẹ wá wo apá ọmọ mi o! Ẹ wò ó! Ó ti sanra! Ilẹ̀ òyìnbó ti gbà á!"

Àwọn ìyá méjì tí wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì yọjú sínú fóònù. Ọ̀kan nínú wọn ti bá ìyá mi ṣe olùkọ́ kí àwọn méjèèjì tó fẹ̀yìn tì.

"Kí lò ń jẹ níbẹ̀ gan-an?" ni ìyá náà bi mí. "Fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa."

"Nígbà tó wà ní Adó ńkọ́?" ni èkejì wí. "Ṣé kì í ṣe egungun lásán ni? Bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́, mo máa ń ní kí wọ́n so ó mọ́ igi."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Apá ọ̀tún nìkan ló sanra. Kò sẹ́ni tó ní kí n gbé tòsì wá kí àwọn wò ó.

Akọ̀ròyìn ni mí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ kiri Adó àti àwọn ìlú tó yí i ká. Bí màlúù bá jẹ oko ẹ̀gẹ́ ní Ìjan, èmi ni wọ́n á rán. Bí àwọn olùkọ́ bá ń kígbe owó oṣù ní Ìgèdè, èmi náà ni. Iṣẹ́ yẹn kọ́ mi pé kí n má ṣe bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Gbé ẹ̀rọ sún mọ́ ọn, kí o dákẹ́. Yóò sọ ọ́ dáadáa ju bí ìwọ ṣe lè sọ ọ́ lọ.

Bí mo ṣe kúrò nílé kò ní ìtàn nínú. Bí gbogbo ènìyàn ṣe ń lọ ni mo ṣe lọ. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe òtútù, àìkíni ni. Ní Adó, kí n tó ti ẹnu ọ̀nà dé ibi tí mo ti ń wọ ọ̀kadà, mo ti kí ènìyàn tó pọ̀ tó ẹgbẹ́ akọrin kan, wọ́n sì ti béèrè àlàáfíà ìyá mi lọ́wọ́ mi. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní àárọ̀ kejì tí mo dé, mo kí ọkùnrin kan ní ibùdókọ̀. Ó bojú wẹ̀yìn kó lè mọ ẹni tí mò ń kí. Nígbà tí kò rí ẹnì kankan, ó rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Iṣẹ́ tí mo rí ṣe ni títọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé kan tí àwọn ọmọ wọn kó wọn sí. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fún wọn lóúnjẹ, mò ń gbé wọn láti orí ibùsùn sórí àga. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí iyè rẹ̀ ti ra. Láràárọ̀ ló ń bi mí ní ohun kan náà.

"Níbo lo ti wá?"

"Adó-Èkìtì, sà."

"Ṣé ó jìnnà?"

"Ó jìnnà."

"Kí ló dé tí o ò padà sílé, nígbà náà?"

Ìbéèrè akọ̀ròyìn gidi ni. Tó bá jẹ́ èmi ni mo bi gómìnà bẹ́ẹ̀, wọn ì bá lé mi síta. Mo máa ń sọ fún bàbá náà pé kó la ẹnu kó mu tíì rẹ̀.

Ibi tí mo ti ń wẹ̀ ni ọwọ́ mi ti kan kókó kan nínú ọyàn ọ̀tún mi. Nílé ìwòsàn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni, wọ́n sì ní ó ti rìn dé abíyá. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì kó àwọn kókó kéékèèké tí Ọlọ́run dá sí abẹ́ abíyá ènìyàn kúrò pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìtànṣán ẹ̀rọ tó ń pa jẹjẹrẹ sun ibẹ̀. Bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀ lọ, òun náà ni mo wọ̀ bọ̀. N kò sọ fún ẹnì kankan nílé. Ní Ìyìn, bí o bá pe jẹjẹrẹ lórúkọ, wọ́n á ti máa sunkún kí o tó sọ ìyókù, ẹ̀jẹ̀ ìyá mi sì ń ru. N kò sọ fún àwọn ará Èkìtì tó wà nílùú náà pẹ̀lú. Ohun tí o bá sọ fún wọn ní ìpàdé, wọ́n á ti gbọ́ ọ nílé kí ọbẹ̀ tó jinná. Ìgbà tí wọ́n bi mí pé kí ló dé tí àwọn kò rí mi, mo ní mo wà ní ẹ̀kọ́ṣẹ́.

Ní ọjọ́ tí wọ́n dá mi sílẹ̀ nílé ìwòsàn, wọ́n kìlọ̀ fún mi nípa apá náà. Wọ́n ní ó lè wú nígbàkígbà, ìbáà jẹ́ lọ́dún yìí tàbí lọ́dún mélòó kan sí i. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kó gé, kí n má jẹ́ kí ooru pọ̀ lára rẹ̀, kí n má gbé ẹrù ńlá lójijì, kí n tètè wá bó bá ń wúwo. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe máa ń gbọ́ ìkìlọ̀ àgbàrá lórí rédíò nígbà tí mo wà ní Adó: ìròyìn fún àwọn tó ń gbé lẹ́bàá odò.

Nítorí náà, nígbà tí ìyá mi dúpẹ́ pé mo sanra, mo gbà bẹ́ẹ̀ fúnra mi. Mo ti ń jẹ búrẹ́dì púpọ̀. Báwo ni n kò ṣe ní sanra?

Ṣùgbọ́n apá náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Bí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, ó máa ń dà bí ẹni pé ọmọ tó sùn ni mo gbé kọ́ èjìká. Òrùka tó wà ní ìka mi kò yí mọ́. Mo pe ìyá mi. Mo ní mo gbé arúgbó kan ni, apá sì ń dùn mí.

"Ṣé o ti fi omi gbígbóná jó o?" ni wọ́n bi mí.

"Rárá, mà."

"Háà! Kí lo wá ń dúró dè? Gbé omi kaná. Kó gbóná dáadáa, kì í ṣe omi ìwẹ̀ ọmọ ọwọ́. Ki aṣọ bọ̀ ọ́, fi jó o. Lẹ́yìn náà, mú òrí, kí o fi wọ́ ọ wálẹ̀. Láti èjìká ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kí o fà á, kí o fà á, títí yóò fi dé orí ìka. Bó bá dé orí ìka, gbọn ìrora náà dànù."

"Ó dáa, mà."

"Kí o sì fi agbára wọ́ ọ o. Má máa fọwọ́ pa á lára bí ológbò."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe fún bàbá mi lẹ́yìn iṣẹ́ oko. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún èmi náà nígbà tí mo já bọ́ lórí igi máńgòrò. Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn wà létí mi. Ti ìyá mi wà nínú egungun. Mo gbé omi kaná. Mo jó o, mo wọ́ ọ, mo gbọn ọ́n dànù sínú abọ́ ìfọwọ́. Ọwọ́ òsì mi ló ń ṣe é, ó sì ń rẹ̀ ẹ́. Ara tù mí díẹ̀. Mo ṣe é lọ́jọ́ kejì, mo tún ṣe é lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹ̀yìn ọwọ́ mi ti wú bí búrẹ́dì. Bí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jìn wọnú, kò sì ní tètè padà. Níbi iṣẹ́, wọ́n fi ẹ̀mú gé òrùka náà kúrò ní ìka mi. Ọ̀gá wa wo apá náà, ó wo ojú mi.

"Mo lè fún ọ ní iṣẹ́ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ fún ìgbà díẹ̀," ló wí. "Ṣùgbọ́n bí apá yìí kò bá lọ sílẹ̀, n kò ní iṣẹ́ mìíràn níbí. Gbígbé ènìyàn niṣẹ́ wa."

Kò wí ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì yẹ kó wí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ náà ló gbé físà mi dúró. Bí iṣẹ́ bá lọ, ilé lọ̀nà, láìsí apá tí mo lè fi ṣiṣẹ́ nílé.

Mo padà sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú apá wíwú níbẹ̀ ń jẹ́ Júlì. Obìnrin kúkúrú ni, ọwọ́ rẹ̀ gbóná. Ó fi okùn ìwọ̀n wọn apá méjèèjì, ó ní omi ló kún èyí tó wú. Èmi náà gbé ìbéèrè mi kalẹ̀ bí mo ṣe máa ń gbé e síwájú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Omi wo ni? Láti ibo? Sí ibo?

"Omi tó ń yọ́ jáde lára ẹ̀jẹ̀ láti bọ́ ẹran ara ni," ni Júlì wí. "Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń padà sínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó ṣẹ́ kù, àwọn òpó tín-ín-rín tó wà lábẹ́ awọ ló ń kó o." Ó fi ìka lé orí ìka mi, ó ń fà á gòkè bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Ibí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀yìn ọwọ́, wọ́n gba ọrùn ọwọ́, wọ́n kọjá ìgbọ̀nwọ́, wọ́n gòkè lọ sí abíyá. Abíyá ni àwọn kókó wà, bí asẹ́. Wọ́n á sẹ́ omi náà, wọ́n á gbá kòkòrò àrùn mú. Omi á wá kọjá lọ sí ìsàlẹ̀ ọrùn, ibẹ̀ ni yóò ti padà wọnú ẹ̀jẹ̀."

"Kí ló ń tì í gòkè?"

"Kò ní ọkàn tó ń lù fún un bíi ti ẹ̀jẹ̀. Àwọn òpó náà ń fún ara wọn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n mímì tí o bá ń mi apá ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́ jù. Ilẹ̀kùn kéékèèké wà nínú wọn tí kì í ṣí sẹ́yìn."

"Tèmi ńkọ́?"

"A ti kó asẹ́ kúrò. Omi ṣì ń bọ̀, ọ̀nà ti dín. Lára àwọn kan, ó máa ń rí ọ̀nà ẹ̀bùrú gba èjìká. Lára àwọn mìíràn, ó máa ń kún. Kí lo ti ń ṣe sí i nílé?"

Mo sọ fún un. Ó ní kí n fi hàn òun. Mo bẹ̀rẹ̀ láti èjìká, mo fà á wálẹ̀ dé orí ìka, mo gbọn ọwọ́. Júlì di ọwọ́ náà mú.

"Omi tó ń wá ọ̀nà gòkè," ló wí, "lo ń tì padà sí ìsàlẹ̀. Ooru yẹn náà sì ń pe òmíràn wá bá a. Ta ló kọ́ ọ?"

"Ìyá mi."

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé a ti kó àwọn kókó náà kúrò?"

"Rárá."

Kò bá mi wí. Ó ní ó ṣì rọ̀, pé kò tíì le. Pé bí a bá ń fi báńdéèjì dì í lójoojúmọ́ lásìkò yìí, ó lè lọ sílẹ̀. Bí a bá jẹ́ kó le, ó di ti ayé nìyẹn. Mo ní kó dì í. Ó ní òun lè dì í lọ́jọ́ tí mo bá wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojoojúmọ́ ni n ó máa wá.

"Ọwọ́ kan kò lè di apá kejì rẹ̀," ni Júlì wí. "Ìpele-ìpele ni, láti ìka dé abíyá. Ẹnìkan ní láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dì í. Ta lẹ jọ ń gbé?"

"Èmi nìkan ni."

"Ọ̀rẹ́ ńkọ́? Ẹbí?"

"Wọ́n wà," ni mo wí. "Mo máa mú ẹnìkan wá."

Mo jáde síta. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìwòsàn, mo ń ka orúkọ àwọn tí mo mọ̀ nílùú náà lọ́kàn. Obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ìgbà tí mo bá wọlé ni òun ń jáde. Ẹni tó ni ilé, orí fóònù nìkan la ti ń bára wa sọ̀rọ̀. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ìdánìkanwà ni kí ènìyàn máa jẹun nìkan, kó máa sùn nìkan. Ìyẹn kò tó nǹkan. Nílé, bí ìṣó bá gún ọ lẹ́sẹ̀, ẹni tó máa di ẹsẹ̀ náà á ti ki aṣọ bọ omi kí o tó jókòó. Kò sẹ́ni tó ń yan ẹni náà. Ó kàn wà níbẹ̀ ni. Mo ti kúrò láàárín àwọn tó kàn wà níbẹ̀, n kò sì mọ̀ títí wọ́n fi ní kí n mú ẹyọ kan wá.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà, ní ibùdókọ̀ tó wà níwájú ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, mo gbọ́ ohùn kan tó ń bá fóònù jà.

"Mo ní n ò sí nínú ulé! Mo wà níta! Níta!"

Ìyá àgbà kan ni, wọ́n wọ kóòtù ọkùnrin lé ìró àdìrẹ, wọ́n sì fi fìlà onírun dé orí gèlè. Ẹni tó bá pe ilé ní "ulé" lọ́nà yẹn, ẹni wa ni. Mo kúnlẹ̀ lórí pèpéle. Àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì yíjú.

"Dìde, dìde," ni ìyá náà wí. "Ilẹ̀ tutù. Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ọmọ Ìyìn ni mí, mà."

"Ìyìn! Ìjan lèmi. Ọ̀dọ̀ wa ni oòrùn ti ń yọ, ọ̀dọ̀ yín ló ń wọ̀ sí. Adó ló jókòó sáàárín tó ń jẹ gbogbo ẹ̀ mọ́ wa lójú." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣí àyè fún mi. Mo bi wọ́n pé bọ́ọ̀sì wo ni wọ́n ń dúró dè. "N ò lọ ibì kan. Ọmọ mi ti lọ síbi iṣẹ́, ọmọ-ọmọ mi wà nílé ẹ̀kọ́ yẹn. Ibi tí ènìyàn wà ni mo wá jókòó sí."

Wọ́n wò mí tòkè-tilẹ̀. Mo ti bọ́ kóòtù mi kúrò ní apá kan nítorí pé ó há.

"Kí ló ṣe apá rẹ? Ọ̀kan sanra, ọ̀kan gbẹ. Àbí àwọn méjèèjì kì í jọ jẹun ni?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹkún ló jáde. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn níbẹ̀: ọyàn, abíyá, omi gbígbóná, báńdéèjì tí kò sẹ́ni tó máa dì í. Mo bẹ̀ wọ́n pé kó má dé etí àwọn ará wa.

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún?" ni wọ́n wí. "Ọmọ mi ń sùn nígbà tí mo bá jí. Ọmọ-ọmọ mi, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbọ́. Ọjọ́ wo ni ká lọ bá nọ́ọ̀sì náà?"

Èmi ni mo ṣe ògbufọ̀ láàárín Júlì àti ìyá náà, tí mo ti ń pè ní Ìyá Ìjan. Mo ti ṣe ògbufọ̀ rí níwájú adájọ́ àti níwájú àwọn tí wọ́n ti ìlú òkèèrè wá la ọ̀nà, ṣùgbọ́n n kò jókòó rí kí apá mi wà lórí tábìlì, kí n máa túmọ̀ rẹ̀ fún ẹni méjì. Júlì ní kí Ìyá Ìjan kọ́kọ́ fi ọwọ́ kàn án kí wọ́n mọ bó ṣe rí. Wọ́n gbá a mú. Lójú ẹsẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ wálẹ̀.

"Rárá, rárá," ni Júlì wí. "Gòkè ni. Kó sì fúyẹ́. Awọ nìkan ni kó máa sún."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ìyá Ìjan fi ọwọ́ sílẹ̀.

"Gòkè kẹ̀? Bi í pé ibo ni ìrora máa gbà jáde tó bá ń gòkè? Ṣé ó fẹ́ kó lọ gun orí ni? Ìka ni ẹnu ọ̀nà apá."

Júlì tún gbogbo rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń fi ìka gba ọ̀nà náà lọ lórí awọ mi: ìka, ọrùn ọwọ́, ìgbọ̀nwọ́, abíyá, ọrùn. Mo ń túmọ̀. Ìyá Ìjan ń tẹjú mọ́ ọn.

"Bi í," ni wọ́n wí níkẹyìn. "Ta ló ń gbé omi náà gun òkè? Omi kì í dá gòkè. Kí ẹ̀rọ omi tó dé Ìjan, láti odò sí ulé, orí wa ló ń gbé e."

Nígbà tí Júlì gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀, ó na ìka sí wọn. "Ohun tó jẹ́ nìyẹn gan-an. Ẹran apá ló ń rù ú. Báńdéèjì á mú kó rí nǹkan fẹ̀yìn tì nígbà tó bá ń rù ú."

"Hẹn-ẹn," ni Ìyá Ìjan wí. "Òṣùká ni."

Èyí ni n kò túmọ̀. N kò mọ bí mo ṣe lè gbé òṣùká sínú èdè Gẹ̀ẹ́sì kíákíá. Mo kàn ní wọ́n ti gbọ́ ọ yé.

Láti ọjọ́ náà, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń ya ilé ọmọ wọn. Ilé ìdáná la ti ń ṣe é. Wọ́n á fi ọwọ́ wọ́ ọ gòkè, wọ́n á fi ọ̀rá pa á kó má baà gbẹ, wọ́n á wọ aṣọ rírọ̀ sí i, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ báńdéèjì láti orí ìka kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n há a mọ́ ìgbọ̀nwọ́ débi tí ìka mi fi kú tipiri.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u, mà. N ò mọ ọwọ́ mi mọ́."

"Má bínú. Mo rò pé ọ̀já ọmọ ni mò ń so." Wọ́n tú u, wọ́n tún un dì. "Ìwọ náà, o ò lè tètè sọ? Akọ̀ròyìn ni ẹ́, ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é."

Wọ́n máa ń bi mí léèrè bí wọ́n ṣe ń dì í. Ta ni bàbá rẹ? Kí ló dé tí o kò fẹ́ ọkọ? Ìgbà tí wọ́n ń gé ọ, ta ló dúró sí ẹnu ọ̀nà? N kò mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìbéèrè. Èmi ni mo máa ń bi ènìyàn. Bí mo bá dákẹ́, àwọn náà á dákẹ́, wọ́n á máa yí báńdéèjì lọ, títí n ó fi sọ ọ́. Ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ nìkan ni kò sí lọ́wọ́ wọn.

Apá náà ń lọ sílẹ̀. Júlì wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n, ó ní kí n wò ó fúnra mi. Aṣọ iṣẹ́ mi tún gba apá náà wọlé. Ọ̀gá wa dá mi padà sídìí iṣẹ́ mi, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń bá wa gbé arúgbó. Júlì wá fún mi ní apá ẹ̀wù kan tó ń fà, tó sì há mọ́ ara bíi báńdéèjì, èyí tí mo lè fi ọwọ́ kan fà wọ̀ bí mo bá wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ó ní kí n má rò pé ó ti tán. Ọ̀nà tí wọ́n ti dí kò ní ṣí mọ́, nítorí náà títí ayé ni n ó máa ṣọ́ ọ.

Inú mi dùn sí apá ẹ̀wù náà. Ọ̀nà ilé ni mo dé kí n tó rò ó pé n kò nílò ẹni tó máa bá mi dì í mọ́.

Àkókò tí wọ́n fún Ìyá Ìjan láti fi wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé. Lọ́jọ́ tí mo lọ kí wọn pé ó dàbọ̀, wọ́n ń to bàtà àwọn ọmọdé sínú àpótí.

"Mo fẹ́ ya Ìyìn," ni wọ́n wí. "Mo fẹ́ kí ìyá rẹ."

Mo bá wọn to bàtà kan sí i.

"Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á bi mí bí o ṣe wà. N kì í purọ́ fún ẹni tó bímọ. Tí o kò bá fẹ́ kí n sọ ọ́, sọ pé kí n má lọ, n ò ní lọ."

Mo ronú nípa ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá mi, nípa àwọn ìyá tí wọ́n jọ ń kọrin, nípa òrí àti omi gbígbóná. Bí mo bá wú lẹ́ẹ̀kan sí i, ta ni wọ́n á gbà pé mo jẹ́ lórí fóònù? Ẹni tó sanra.

"Ẹ lọ, mà," ni mo wí. "Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí."

Ìyá Ìjan délé. Mo mọ ọjọ́ tí wọ́n lọ sí Ìyìn, nítorí ọjọ́ náà ni ìyá mi kò gbé fóònù mi. Lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú, wọn kò gbé e. Mo lọ síbi iṣẹ́. Bàbá arúgbó náà bi mí pé kí ló dé tí n kò padà sílé. Mo ní kó la ẹnu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ìyá mi fi fídíò pè mí. Yàrá àlejò wa ló hàn. Ojú ìyá mi ti wú. Apá ọ̀tún wọn wà lórí ìrọ̀rí, ó sì wà nínú aṣọ láti ìka dé abíyá: ìró àtijọ́ kan ni wọ́n ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Ìyá Ìjan jókòó tì wọ́n.

"Ìyá yìí ní kò sí ohun tó ń ṣe mí," ni ìyá mi wí. "Mo ní kí wọ́n dì í fún mi bí wọ́n ṣe di tìrẹ."

"Ẹ tú u, mà. Ooru wà níbẹ̀."

"Má bá mi sọ ooru. Ṣé bó ṣe máa ń há nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Lójoojúmọ́?"

"Nígbà náà ni, mà. Ó ti dínkù."

Wọ́n wo apá tó wà lórí ìrọ̀rí náà. "Mo ní kí o wọ́ ọ wálẹ̀," ni wọ́n wí.

"Ẹ ò mọ̀ ni, mà. N ò jẹ́ kí ẹ mọ̀."

"Mo ní kí o fi agbára wọ́ ọ."

Ìyá mi sún lórí àga. Wọ́n gbìyànjú láti ki ìka òsì bọ abẹ́ aṣọ náà nítòsí ìgbọ̀nwọ́, kò wọlé. "Ó ń yún mi," ni wọ́n wí. "Níhìn-ín." Ọwọ́ Ìyá Ìjan yọ láti ẹ̀gbẹ́, ó wá àlàfo kan, ó wọ abẹ́ aṣọ náà, ó họ ọ́. Ìyá mi mí kanlẹ̀. Wọ́n wá gbójú sókè sí mi.

"Tìrẹ ńkọ́? Bó bá yún ọ, ta ló ń bá ọ họ ọ́?"

Mo fa apá ẹ̀wù tó há náà sókè. Ìyá mi kò tún ìbéèrè náà bi. Wọ́n gbé fóònù sún mọ́ ara wọn títí n kò fi rí ohun mìíràn mọ́ bí kò ṣe etí wọn, bí ẹni tó ń tẹ́tí bóyá wọ́n lè gbọ́ mímí ẹlòmíràn nínú yàrá náà pẹ̀lú mi.